Ẹni Tó Mú Pẹ́ńsùlù Dání

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Kwangila ní Zaria, tí ẹ sọ fún oníkẹ̀kẹ́ Napep pé PZ lẹ ń lọ, owó nìkan ni ẹ ó jọ ná, kò ní bi yín léèrè ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Sabon Gari kò mọ̀ pé orúkọ èèyàn ló wà nínú lẹ́tà méjèèjì: George Paterson, ará Scotland, àti George Zochonis, ará Gíríìsì, tí wọ́n dá òwò sílẹ̀ ní Sierra Leone ní 1879, tí ilé iṣẹ́ wọn sì dé Èkó ní 1899. Ilé ìtajà wọn ní Zaria ló fún àdúgbò wa lórúkọ. Èmi, ìwé ni mo ń tẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ìwé ìtàn o. Ìwé ínfọ́ìsì, ìwé rìsíìtì, wébíìlì, jọ́bù káàdì: gbogbo ìwé tí oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń sọ pé, "Mo ti ṣe é, ẹ san owó mi."

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ọkọ̀ ojú irin tó gba Zaria kọjá dé Kánò ní 1911 ló la ọ̀nà fún irú wọn, Sabon Gari ni ìjọba sì yà sọ́tọ̀ fún àwa àlejò. Kò mọ̀wé. Káfíńtà ni, ó ń bá àwọn agbaṣẹ́ṣe kọ́lé, ojúmọ́ ni wọ́n sì fi ń ka owó rẹ̀. Taimukípà máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ìwé ńlá lábíyá, pẹ́ńsùlù létí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá wọ ìwé yẹn, kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn, ì báà gbẹ́ pákó títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá mi ní ìwé tirẹ̀: ògiri yàrá wa. Alaalẹ́ ló ń fi èédú fa ìlà kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lóṣù kan, ògiri ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìwé taimukípà ní mẹ́tàlélógún. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n san. "Ṣé kí n ru ògiri lọ bá wọn ni?" Ohun tó máa ń wí nìyẹn tó bá rántí, kì í sì í rẹ́rìn-ín sí i.

Kì í ṣe òun nìkan. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ káàkiri ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, reluwé bẹ̀rẹ̀ sí í san owó àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí dípò ojúmọ́. Ìbínú ìyẹn wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ reluwé, èyí tí Michael Imoudu wá di olórí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1945, wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọjọ́. Ṣílè méjì àtààbọ̀ lójúmọ́ fún ẹni tó kéré jù wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Ọ̀wọ́n gógó ọjà ni àwọn òpìtàn sọ pé ó fa ìjà náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ ẹni tó fa èédú, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ka wákàtí náà wà nínú rẹ̀.

Ìyá mi, ọmọ Iléṣà, máa ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ Òṣómàáló kò sí lára rẹ̀. Àwọn Òṣómàáló ni oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ta àwìn láti ìlú dé ìlú. Wọn kò ní ínfọ́ìsì, wọn kò ní lọ́yà. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn á ní àwọn kò ní dìde àfi bí owó bá dọ́wọ́ àwọn. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ìtìjú onígbèsè ni ìwé ẹ̀rí wọn. Mo dán an wò rí ní ọ́fíìsì kan. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n sì gbàgbé mi síbẹ̀.

Ìlú ìtẹ̀wé ni Zaria, kí ará Ṣómólú ní Èkó má rò pé àwọn nìkan ni. Gaskiya Ta Fi Kwabo, ìwé ìròyìn èdè Hausa tí Abubakar Imam kọ́kọ́ ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1939. Wọ́n dá Gaskiya Corporation sílẹ̀ ní 1945. Ìtumọ̀ orúkọ ìwé ìròyìn náà ni pé òtítọ́ ju kọ́bọ̀ lọ. Àwọn akáúńtántì tí mo mọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Gaskiya ni ọ̀gá mi ti kọ́ bí a ṣe ń to lẹ́tà òjé, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Ahmadu Bello wá ṣí ní October 1962, agbaṣẹ́ṣe rẹpẹtẹ tẹ̀lé e: ẹni tó ń kan àga, ẹni tó ń kun ilé, ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá. Gbogbo wọn ló nílò ìwé.

1971 ni mo wọṣẹ́. Yíyí nọ́ńbà ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi ṣe. Ewé mẹ́ta ni ínfọ́ìsì kan, kábọ̀n láàárín wọn: funfun fún oníbàárà, pupa rẹ́súrẹ́sú fún sítọ́ọ̀, yẹ́lò tí kò gbọdọ̀ ya kúrò nínú ìwé láé. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹyọ kan bá fò, ọ̀gá mi á ní ọ̀dítọ̀ á rò pé a fi jalè ni. Ní January 1973 náírà dé, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ìwé tó ní òpó mẹ́ta fún pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́ńsì sì di ti alákàrà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni gbogbo PZ fi jẹ àkàrà nínú ínfọ́ìsì.

Bí ínfọ́ìsì ṣe ń di owó kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà náà. Wọ́n á fún ẹ ní LPO, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè ọjà. Wàá gbé ọjà lọ. Sítọ́ọ̀ á buwọ́ lu wébíìlì. Wàá so ó mọ́ ínfọ́ìsì. Ó di ọ̀dọ̀ ọ̀dítọ̀, ó di fáọ́ṣà, ó di ṣẹ́ẹ̀kì. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ló ní "sai gobe" tirẹ̀, ó di ọ̀la. VAT dé ní 1994, náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún, mo fi ìlà kan kún ìsàlẹ̀ ìwé. Ní February 2020 ó di 7.5. Òfin tuntun ìgbà yẹn sọ pé kò pọn dandan fún ẹni tí òwò rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà lọ́dún láti gba VAT rárá. Mo sọ fún àwọn oníbàárà mi. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ fi ìlà náà síbẹ̀, ó ń jẹ́ kí ìwé wọn jọ ti ilé iṣẹ́ ńlá. Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó agbaṣẹ́ṣe kí wọ́n tó san án ńkọ́? Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ o. Owó yín ni, ẹ ti san án sílẹ̀ ni.

Àbíkẹ́yìn mi lóbìnrin ń ya lógò fún àwọn ará Kánádà lórí Upwork, ìkànnì iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wákàtí ni wọ́n sì fi ń ka owó rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ̀rọ náà á ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kan. Mo wò ó títí, mo ní, "Taimukípà nìyí."

Ó ní, "Bàbá, eléyìí kì í parọ́."

Bóyá kì í parọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí lè fi odidi ọ̀sán ro lógò lórí ìwé kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, fọ́tò kankan kò sì lè rí ìyẹn. Mo fún un ní ìwé kan, mo ní kó máa kọ wákàtí tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kó fi déètì sí i, kó má lo pẹ́ńsùlù, báírò ni kó lò. Ó ń kọ ọ́.

Èmi náà ní tèmi. Ínfọ́ìsì 0417, tí mo gbé lọ fún ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ ní 2016, yẹ́lò rẹ̀ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, wọn kò tíì san án.