Kumasi, Ìlú Ọgbà: Ta Ni Ó Ni Ín?

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, tọmọdé tàgbà a máa jáde lọ wo òdòdó nínú ọgbà. Ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, òjò ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní Kumasi, olú-ìlú àwọn Aṣánti ní ilẹ̀ Gánà, òjò àkọ́rọ̀ a máa rọ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta. Igi pánṣẹ́kẹ́ a sì gbé òdòdó pupa wọ̀ bí ẹni pé iná ń jó lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá rin ọgbà ewéko tí ó wà ní yunifásítì ìlú náà kò ní bèèrè ìdí tí a fi ń pe Kumasi ní Ìlú Ọgbà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí ó yẹ kí a bèèrè: ta ni ó ni ọgbà náà?

Láti ara igi ni ìlú yìí ti gba orúkọ rẹ̀. Ìtàn àwọn Aṣánti sọ pé Okomfo Anokye, àwòrò ọba Osei Tutu, gbin igi kum sí ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ. Ní ibi tí ó ti kú ni a ń pè ní Kumawu. Ní ibi tí ó ti hù ni Kumasi, èyí ni ‘abẹ́ igi kum’. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ pérégún àti akòko, tí ó sì ti jókòó lábẹ́ ọ̀dán ọjà, yóò mọ ohun tí ìtàn yìí ń wí. Igi ni ẹ̀rí pé ènìyàn tẹ ibẹ̀ dó.

Nígbà tí Bowdich, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, dé Kumasi ní 1817, ó rí òpópónà ńlá mẹ́rin tí ó gùn tó ìdajì máìlì, tí wọ́n sì fẹ̀ láti 50 dé 100 yáàdì. Olúkúlùkù òpópónà ni ó ní orúkọ àti olóyè tí ń bójú tó o, òròòwúrọ̀ ni wọ́n sì ń dáná sun ìdọ̀tí. Ìlú yìí ni àwọn ọmọ ogun Wolseley fi iná sun ní oṣù kejì 1874. Ní 1896 wọ́n mú ọba Prempeh lọ sí ìgbèkùn. Lẹ́yìn ogun tí Yaa Asantewaa ṣíwájú ní 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ tí ó yí odi wọn ká títí dé máìlì kan. Ní 1943 ni wọ́n tó dá a padà fún Ìtẹ́ Wúrà àwọn Aṣánti.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1945, Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán ìlú ọgbà fún Kumasi, wọ́n sì fẹ́ kí etí odò jẹ́ ilẹ̀ koríko àti igi. Ọ̀dọ̀ Ebenezer Howard ni èrò náà ti wá, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1898. Ṣùgbọ́n òdòdó nìkan kọ́ ni Howard wí. Ó ní kí ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn ará ìlú lápapọ̀, kí owó ilẹ̀ sì máa padà wá tún ìlú wọn ṣe. Ẹ̀ka ni wọ́n gbé dé Kumasi. Gbòǹgbò kò bá a wá. Ọ́fíìsì ni wọ́n ti ya àwòrán náà, mẹ̀kúnnù kò sì mọ èrè tí ó wà níbẹ̀ fún òun.

Nígbà tí ó fi máa di 2000, ènìyàn inú ìlú náà ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ilé àti ìsọ̀ bo púpọ̀ nínú etí odò tí a fi sílẹ̀ fún igi. A kò lè dá ẹni tí ó ń wá ibi tí yóò sùn lẹ́bi, bí kò bá tíì sí ẹni tí ó fi hàn án pé tirẹ̀ ni igi náà.

Nínú ìbẹ̀wò sí ilé-ẹ̀kọ́, mo máa ń rí i pé ọgbà tí a gbìn nítorí àlejò kì í pẹ́ gbẹ. Èyí tí àwọn ọmọ gbìn, tí wọ́n sì ń jẹ èso rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ wọ ibẹ̀. Àwọn baba wa ní oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kí ó má ní ààlà. Kí a tó fi orúkọ ọgbà pe ìlú kan, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ mọ ààlà náà, kí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ni olóko.