Ètùtù ẹ̀ṣẹ̀

Nínú ìgbàgbọ́ Ìjọ Kátólíìkì, ètùtù ẹ̀ṣẹ̀ ni àtúnṣe tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn tó ti jẹ́wọ́, tí àlùfáà sì ti dárí jì í lórúkọ Ọlọ́run. Ẹ̀bi ti lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Olè gbọ́dọ̀ dá owó padà. Ẹni tó ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe, ìyẹn sì le ju owó lọ.

Ẹ wo Ọba Henry Kejì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa Thomas Becket, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ní 1170. Àwọn aṣojú Póòpù dárí ji ọba náà ní Avranches ní 1172. Síbẹ̀, ní 1174, ó fẹsẹ̀ lásán rìn wọ Canterbury, àwọn mọ́ńkì sì nà án ní pàṣán níbi ibojì Becket. Ọba ni o!

Lónìí, àdúrà, ààwẹ̀ tàbí ìtọrẹ àánú ni àlùfáà sábà máa ń yàn fúnni.