Agbára Ìdè Kẹ́míkà
Agbára ìdè ni iye agbára tí a ó ná kí ìdè tó so átọ̀mù méjì pọ̀ tó já. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé jíjá ìdè ló ń mú ooru wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá: jíjá ń gba agbára, ìgbà tí ìdè tuntun bá so ni agbára ń jáde. Ẹ wo háídírójìn tó ń jó nínú ọ́síjìn. Ìdè háídírójìn méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 436 kílójúùlù fún móòlù kan, àti ti ọ́síjìn kan, 498, ni yóò já. Ìdè mẹ́rin tó so nínú omi dá nǹkan bí 1,852 padà. Nǹkan bí 482 tó ṣẹ́ kù ni ooru iná náà. Kí gáàsì tó gbiná, a ní láti ṣáná sí i: ooru ìṣáná ló ń já àwọn ìdè àkọ́kọ́.