Àyẹ̀wò Ìmọ̀-Àìsàn-Ara-Ẹni àti Agbára Ìpinnu Nínú Ìtọ́jú Ọpọlọ ní Adó-Èkìtì

Kí dókítà ọpọlọ tó kọ oògùn fún ènìyàn, tàbí kó tó dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, ohun méjì wà tó gbọ́dọ̀ wò lára rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni bóyá aláìsàn náà mọ̀ pé àìsàn ni ohun tó ń ṣe òun. Èkejì ni bóyá ó lè fi orí ara rẹ̀ pinnu lórí ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, máa ń ka méjèèjì sí ọ̀kan ṣoṣo: ẹni tó bá ní òun kò ṣàìsàn, wọ́n á ní kò ní làákàyè láti pinnu, ẹni tó bá gbà pé òun ń ṣàìsàn, wọ́n á ní gbogbo ohun tó bá sọ ló dára. Àṣìṣe ni. Ẹnìkan lè má gba orúkọ tí dókítà fún àìsàn rẹ̀ kó sì pinnu bí ọlọgbọ́n. Ẹlòmíràn lè mọ orúkọ àìsàn náà dáadáa kó má sì lè pinnu rárá.

Ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí ìjọba dá sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996, ilé ìwòsàn ńlá tí irú àyẹ̀wò yìí ti ń wáyé ni Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, àti ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Àwọn ará Ìyìn, Ìgèdè, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìfàkì ló ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Láyé àtijọ́, Arò ní Abẹ́òkúta, tí ilé ìwòsàn rẹ̀ ṣí ní 1954, ni orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu àwọn ẹbí tí ọ̀rọ̀ bá ti di wàhálà. Títí di òní, bí ẹnìkan bá ń ṣe ségesège ní ilẹ̀ Yorùbá, wọn á ní kí wọ́n gbé e lọ sí Arò, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà Abẹ́òkúta náà á sọ bẹ́ẹ̀.

Mímọ̀ pé ara ẹni kò dá

Ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ nínú ìwé àwọn dókítà. Aubrey Lewis, ọmọ Australia tó ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kọ àpilẹ̀kọ kan lé e lórí ní 1934. Ní 1990, Anthony David pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: kí aláìsàn gbà pé àìsàn ọpọlọ ń ṣe òun, kí ó lè sọ pé àwọn ohun àjèjì tó ń bá òun, bí ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, wá láti inú àìsàn náà, kí ó sì gba ìtọ́jú. Ìpín yìí wúlò, nítorí ó fi hàn pé ìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ní pátápátá tàbí tí kò ní rárá. Ẹnìkan lè gba ìtọ́jú láìgbà pé òun ń ṣàìsàn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣe.

Ilẹ̀ Yorùbá kópa nínú ìwádìí tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ńlá. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí lórí àìsàn sikisofiréníà ní ìlú mẹ́sàn-án káàkiri ayé, Ìbàdàn wà lára wọn, pẹ̀lú Agra, Cali, Moscow, Lọ́ńdọ́ọ̀nù àtàwọn mìíràn. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 1973. Àmì tó wọ́pọ̀ jù lọ tí wọ́n rí kì í ṣe gbígbọ́ ohùn, kì í sì ṣe ìfura pé ayé ń lépa ẹni. Àìmọ̀ pé àìsàn ń ṣe ara ẹni ni, èyí tí wọ́n rí lára nǹkan bí 97 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn.

Nọ́ńbà yẹn ti mú kí ọ̀pọ̀ dókítà máa sáré kọ sínú fáìlì pé aláìsàn "kò mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn," kí wọ́n sì pa fáìlì dé. Ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ ni pé ní ilẹ̀ wa, ìdí mìíràn wà tí ènìyàn fi lè kọ orúkọ àìsàn ọpọlọ. Ní 2005, Oye Gureje àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ènìyàn 2,040 ní àwọn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn. Nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn bíi 96 sọ pé eléwu ni àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ. Nǹkan bí 83 ni ẹ̀rù á bà láti bá wọn sọ̀rọ̀. Kò tó 17 tó lè ronú àtifẹ́ ẹni bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá kọ̀ láti gba orúkọ náà lójú ìyá ọkọ rẹ̀, ṣé kò mọ ohun tó ń ṣe? Ó mọ iye tí orúkọ náà máa ná an.

Bákan náà ni ti ìgbàgbọ́. Ẹni tó bá ní ayé ló ń ṣe òun, pé wọ́n fi nǹkan sí òun lára, kò tíì sọ ohun tí àbúrò rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀ kò lè sọ. Ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí wọ́n sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ CAC sí ní 1959, ṣì ń gba àwọn tó ń wá ìwòsàn nípa àdúrà. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í béèrè bóyá aláìsàn gbàgbọ́ nínú àfiṣe. Ó máa ń béèrè bóyá ohun tí aláìsàn gbàgbọ́ yàtọ̀ sí ti àwọn ará ilé rẹ̀, àti bóyá ìgbàgbọ́ náà ṣì fàyè gba oògùn. Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, mọ èyí ní Arò. Ó fi àwọn aláìsàn sínú àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ẹbí wọn tẹ̀ lé wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní 2020, Gureje àtàwọn mìíràn tún tẹ àbọ̀ ìdánwò kan jáde láti Ìbàdàn àti Kumasi ní Ghana, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àtàwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú àwọn wòlíì ti jọ tọ́jú àwọn aláìsàn. Ara àwọn aláìsàn náà yá ju ti àwọn tí kò rí irú àjùmọ̀ṣe yẹn lọ.

Agbára láti pinnu

Ọ̀nà tí àwọn dókítà fi ń wọn agbára ìpinnu wá láti ọwọ́ Paul Appelbaum àti Thomas Grisso ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní 1988. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ní kí á wò: bóyá aláìsàn lóye ohun tí a sọ fún un, bóyá ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan òun fúnra rẹ̀, bóyá ó lè gbé èrè àti ewu sórí òṣùwọ̀n, àti bóyá ó lè sọ ohun tó yàn, kí ó má sì máa yí i padà ní gbogbo ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin aránṣọ kan láti Ìgèdè, tí wọ́n fẹ́ fún ní abẹ́rẹ́ oṣooṣù. Dókítà á kọ́kọ́ sọ ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń ṣe, á sì ní: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ohun tí mo wí fún mi." Kò gbọ́dọ̀ béèrè pé ṣé ó yé wọn, torí ìdáhùn tí àgbà Èkìtì máa fún dókítà ni "Ó yé mi." Obìnrin náà lè wá dáhùn báyìí: "Ẹ ní á jẹ́ kí n máa sùn, kí ohùn yẹn sì dákẹ́. Dókítà, ẹ̀yin lẹ pè é ní àìsàn ọpọlọ. Èmi mọ̀ pé ìyàwó bàbá mi ló wà nídìí ẹ̀. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá tí mo gbà á, mo sùn, mo sì padà sídìí máṣínìn. Ọwọ́ mi ló wá ń le, mi ò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ fún mi ní oníhóró, kí n máa lò ó lálẹ́."

Ní ti Anthony David, obìnrin yìí ṣe àṣeyọrí díẹ̀ ní ìpín mẹ́ta yẹn, ó sì kùnà díẹ̀. Ní ti Appelbaum àti Grisso, ó yege tán. Ó lóye, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun, ó wọn oorun pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì yàn. Dókítà tó bá gún un ní abẹ́rẹ́ tipátipá nítorí ìyàwó bàbá ti ṣi agbára lò.

Wá wo olùkọ́ kan tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú. Ó ti ka nípa àìsàn náà, ó sì lè kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá á gba ìtọ́jú, ó ní kí wọ́n fi owó náà sanwó ilé ìwé àwọn ọmọ, pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti òkú mọ́. Ẹni yìí mọ àìsàn rẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó rí ọ̀la tí òun wà nínú rẹ̀. Ìwádìí tí Gareth Owen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí wọ́n tẹ̀ ní 2008 àti 2009, fìdí ìyàtọ̀ yìí múlẹ̀. Nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gbà sí wọ́ọ̀dù ni kò ní agbára ìpinnu lórí ìtọ́jú, ìyẹn ni pé nǹkan bí 40 ní in. Lára àwọn tó ń gbọ́ ohùn tàbí tí orí wọn gbóná, mímọ̀ pé wọ́n ń ṣàìsàn máa ń bá agbára ìpinnu rìn. Lára àwọn yòókù, bí oní-ìrẹ̀wẹ̀sì, kò rí bẹ́ẹ̀.

Agbára yìí a máa yí pẹ̀lú ọjọ́ àti pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ẹni tí kò lè pinnu lórí oògùn lọ́jọ́ Ajé lè pinnu lọ́jọ́bọ̀. Ẹni tí kò lè pinnu lórí oògùn lè mọ ẹni tó fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ òun. Nípa ìwé ìhágún, àwọn kóòtù Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ẹjọ́ Banks àti Goodfellow ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870: ṣé olóhun mọ ohun tó ní, ṣé ó mọ àwọn tó yẹ kó rántí, ṣé àìsàn kọ́ ló ń darí ọwọ́ rẹ̀? Bàbá tó ní oko kòkó ní Ìjerò tó sì ń gbàgbé orúkọ oṣù lè yege níbẹ̀.

Òfin àti ẹbí

Òfin tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe lórí wèrè ní 1916, tí wọ́n tún tẹ̀ ní 1958, ló pẹ́ jù lórí wa. Ọ̀rọ̀ ìtìmọ́lé ló gbà á lọ́kàn. Òfin tuntun, Òfin Ìlera Ọpọlọ ti 2021, ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2023. Ó ní kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda aláìsàn, ó sì la ọ̀nà sílẹ̀ fún ìgbà tí kò bá lè fi í sílẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, Òfin Ìlera ti 2014 ti sọ pé kí wọ́n fi èdè tí aláìsàn gbọ́ ṣàlàyé fún un, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe. Èyí ṣe pàtàkì ní Adó, níbi tí dókítà tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn lè máa gbọ́ Yorùbá tí kò sì gbọ́ Èkìtì. Arúgbó tó bá ń sọ Èkìtì nínú ìrora, tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já mọ́ra, òun kọ́ ló kùnà nínú àyẹ̀wò náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 2005 sọ pé gbogbo àgbàlagbà ló ní agbára ìpinnu títí a ó fi rí ẹ̀rí pé kò ní in, àti pé ìpinnu tí kò bọ́gbọ́n mu kì í ṣe ẹ̀rí. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2007, tún lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o sọ ní 2014 pé kí wọ́n ran ènìyàn lọ́wọ́ láti pinnu ni, kí ẹnikẹ́ni má pinnu fún un. Àwọn dókítà púpọ̀ kò gbà. Èmi náà rò pé ó le jù fún alẹ́ tí ẹnìkan ń sá wọ àárín títì Adó sí Ìkẹ́rẹ́.

Lójú ayé, ẹbí ló ń pinnu ní Èkìtì. Ẹni tó sanwó mọ́tò, tó ra oògùn, tó sùn sórí bẹ́ńṣì, òun náà ló ń dáhùn ìbéèrè dókítà, aláìsàn á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò rò pé ó yẹ ká lé ẹbí jáde, torí láìsí wọn kò sí ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ibi tí kò ti sí ẹni tó béèrè ohùn aláìsàn rárá ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti ń wọlé. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch ròyìn pé òun ṣàbẹ̀wò sí ibùdó 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá, ti ìjọba, ti ìṣègùn ìbílẹ̀, ti mùsùlùmí àti ti krìstẹ́nì, wọ́n sì rí àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń mú ènìyàn yín wá sí ilé ìwòsàn ní Adó, ẹ ní kí dókítà bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ sì béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì: ìpinnu wo ni wọ́n yẹ̀ wò, ọjọ́ wo ni, àti ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.