Ọmọ Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Oúnjẹ: Ohun tí Ìtàn Kọ́ Wa

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìlú Ọjọ́, ní Ìbà àti ní Òkòkómáíkò, ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ẹni tí ẹgbẹ́ yàn sínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ilé oúnjẹ ẹgbẹ́. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò.

Ilẹ̀ Àwórì ni agbègbè wa yìí. Ẹja pípa, oko ẹ̀gẹ́ àti àgbọn ni àwọn baba wa ń ṣe létí ọ̀sà. Ní ọdún 1975, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ Volkswagen lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Láàárín 1979 sí 1983, nígbà ìjọba Alhaji Lateef Jakande, wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé gbígbé sí Ìbà, wọ́n sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọjọ́ ní 1983. Ọjà Alábà náà gbòòrò. Bí ilé ṣe ń pọ̀ ni oko ń dín kù. Lónìí, ọkọ̀ ẹrù ló ń gbé ọ̀pọ̀ gàrí, ẹ̀wà àti iṣu wá bá wa. Àwọn tí ń jẹ ti pọ̀ ju àwọn tí ń gbìn lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí àgbẹ̀ tó kù àti ẹni tí ń jẹ fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. A ní àárò, a ní ọ̀wẹ̀, a ní èésú. Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ni, ìtàn tirẹ̀ tún wà. Ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ 28, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ, kó pọ́ùn 28 jọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Bọ́tà, ṣúgà àti ìyẹ̀fun wà lára ìwọ̀nba ọjà tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Àwọn oníṣòwò ìgbà náà a máa pò oúnjẹ mọ́ ohun tí kò yẹ, gbèsè sì ti wọ òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Àwọn ará Rochdale wá fi òfin lélẹ̀: òṣùwọ̀n tó pé, ọjà tó mọ́, owó lọ́wọ́ láìsí àwìn, ẹnì kan ìbò kan, iye owó yòówù kí ó fi sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́.

Nílé wa níbí, ní 1907, àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Agége dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni J. K. Coker, tó ní oko ńlá ní Ìfàkò, ni olórí wọn. Lẹ́yìn èyí, ìjọba amúnisìn ní kí Ọ̀gbẹ́ni C. F. Strickland, tó ti ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Íńdíà, wá wo bí yóò ṣe rí ní Nàìjíríà. Ó jábọ̀ ní 1934. Ní 1935 ni òfin àkọ́kọ́ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde. Láti ìgbà náà ni ìforúkọsílẹ̀ àti àyẹ̀wò ìwé owó ti di ọ̀ranyàn.

Ẹ tún gbọ́ ti gàrí Èkó. Nígbà ogun Hitler, láti 1941, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye owó lé oúnjẹ. Captain A. P. Pullen ni wọ́n fi sídìí iṣẹ́ náà. Wọn kò fi ti àwọn ìyálọ́jà ṣe kí wọ́n tó dá iye owó. Ọjà sá pamọ́, gàrí di ohun tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀. Ìyá Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wúrà, ẹlẹ́ja ọjà Eréko, ni olórí àwọn obìnrin ọjà. Pullen fi ọgọ́rùn-ún pọ́ùn lóṣooṣù lọ̀ ọ́ kí ó lè bá ìjọba ṣe é. Ìyá kọ̀ ọ́. Ní 1945 ètò náà kógbá sílé.

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ìyá Pẹlẹ́wúrà mọ̀ pé ipò tí òun wà kì í ṣe ti òun. Àwọn tó fi òun síbẹ̀ ló ni ín. Ẹ gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ wa dáadáa: a jẹ, ó sì ṣẹ́kù. Ọmọ ìgbìmọ̀ ni a fi ṣọ́ ohun tó ṣẹ́kù. Kì í ṣe òun ló ni ín.

Àwìn ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ ra àpò gàrí 20, tí èrè orí àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí wọ́n fi rà á. Bí àbúrò alága bá gba àpò méjì láwìn, tí kò san án, èrè orí àpò 18 tó kù kò tó dí ihò náà. Gbogbo ẹgbẹ́ ti ṣiṣẹ́ lásán. Ó nira láti sọ fún ìbátan ẹni pé kò sí àwìn, ṣùgbọ́n ẹ ní òfin ẹgbẹ́ láti fi hàn án.

Òṣùwọ̀n ni ìkejì. Kóńgò tí wọ́n ti tẹ̀ nídìí kò gbọdọ̀ wọ ilé oúnjẹ ẹgbẹ́. Àgbẹ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ wá àti ẹni tó ra gàrí gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n kan náà pàdé.

Ìwé ni ìkẹta. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òfin 90 ti ọdún 1993 ní kí ẹgbẹ́ fi ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ọdún sínú owó ìpamọ́. Bí ìwé kò bá pé, ta ni yóò mọ iye tí ìdá mẹ́rin náà jẹ́? Ẹ ṣí ìwé sílẹ̀ níwájú ìpàdé gbogboogbò, kí ẹni tí kò mọ̀wé kà náà gbọ́ iye tó wọlé àti iye tó jáde lédè tó yé e.

Ẹ jíròrò lórí ìwọ̀nyí nínú ìpàdé yín:
1. Ta ni ó jẹ ẹgbẹ́ wa ní gbèsè, ṣé ọmọ ìgbìmọ̀ wà nínú wọn?
2. Ìgbà wo ni a wo òṣùwọ̀n wa kẹ́yìn?
3. Nígbà tí a dá iye owó oúnjẹ, ǹjẹ́ a bi àgbẹ̀, a sì bi ẹni tí yóò rà á?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ire oko, ire ọjà, a ó jèrè o.