Èrò Ló Sọ Òkè-Oòyè Di Òkè Àdúrà

Nínú oṣù Keje ọdún 2030 ni yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìsọjí Òkè-Oòyè bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà. Àwọn ìjọ kò dúró de ọjọ́ náà. Láti Èkó àti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń gba bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á yà ní Òkè-Oòyè, wọ́n á kọjá sí Ìkéjì-Arákeji níbi tí Ọlọ́run ti pe Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, àwọn mìíràn á gun òkè dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kí wọ́n tó padà sílé lọ́jọ́ Àìkú. Ìrìn àjò tó yẹ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ fún àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì náà kù síbì kan: wọ́n á sọ ti wòlíì délẹ̀délẹ̀, wọn kò ní sọ ti àwọn èrò. Èrò mi ni pé àwọn tó wọ́ tọ wòlíì lọ lọ́dún 1930, tí wọ́n sì tún padà sí ìlú wọn, bá a fi ìpìlẹ̀ Ìjọ Àpósítélì Kristi lélẹ̀ ni, àti pé ẹni tó bá fò wọ́n dá kò tíì mọ ìtàn Òkè-Oòyè.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ̀sìn ti ń bá arìnrìn-àjò wọ Iléṣà. Lọ́dún 1870 ni Ìbàdàn ṣẹ́gun ìlú náà, tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì fọ́n káàkiri. Àwọn kan ti wà l'Ékòó àti Abẹ́òkúta ṣáájú ìgbà náà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì gba òmìnira, tí wọ́n ti di onígbàgbọ́ lẹ́yìn odi. Àwọn wọ̀nyí wà lára ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ ti Èkó nígbà ogun Kírìjì, tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà lọ́dún 1886, tí ọ̀nà ilé sì là, Bíbélì bá àwọn tó ń padà wálé. Lẹ́yìn èyí ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì fìdí múlẹ̀ débi pé wọ́n dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1912. Ẹni tó bá sì mọ bí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló ṣe ń gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n tún ń padà lọ gba owó wọn, kò ní bi ara rẹ̀ léèrè bí ìròyìn ṣe ń yára jáde ní Iléṣà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ àdúrà tó wá pàdé níbẹ̀ lọ́dún 1930 ṣe jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tí iṣẹ́ ń gbé kiri. Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ti bẹ̀rẹ̀ lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ọdún 1918, lọ́dọ̀ J. B. Ṣàdáre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi àdúrà nìkan gbára lé Ọlọ́run fún ìwòsàn. Wọ́n bá ìjọ Faith Tabernacle ti ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà dọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n sì gba orúkọ rẹ̀, lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ láàárín wọn; bí ọ̀gá bá ti gbé wọn lọ sí ìlú tuntun, ilé àdúrà á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Babalọlá pàápàá, ọmọ Odò-Ọ̀wà ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n bí lọ́dún 1904, òṣìṣẹ́ ọ̀nà ni. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni ó ń wà fún Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ìjọba (P.W.D.) lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928 ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ ìpè tó mú un fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà tó ń tẹ̀ nígbà náà wà lára àwọn tí èrò gbà tọ̀ ọ́ wá kí ọdún méjì tó pé.

Ìpàdé àwọn aṣáájú Faith Tabernacle ló pe Babalọlá wá sí Iléṣà ní oṣù Keje ọdún 1930. Àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìjọ ni wọ́n wá parí. Bí ìjọ ṣe ń sọ ọ́, òkú ọmọ kan jí nígbà tí Babalọlá gbàdúrà, ìròyìn kàn, ìpàdé sì di ìsọjí. Kì í ṣe ẹ̀yìn odi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni Òkè-Oòyè. Àárín ìlú ni, láàárín ilé àti ọjà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wọ́ wá, àwọn kan pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀pọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ìgò àti kèrègbè ni wọ́n mú lọ́wọ́. Wọ́n á pọn omi, wòlíì á gbàdúrà sí i, wọ́n á dì í ní ìdérí, wọ́n á sì gbé e lọ fún aláìsàn tí kò lè rìn. Ẹ rò ó wò: obìnrin kan tó gbé ìgò omi láti Iléṣà dé abúlé rẹ̀ kì í ṣe omi nìkan ló gbé. Ẹjọ́ ohun tó rí ló ń rò fún gbogbo ẹni tó bá bi í, àdúrà tó sì gbọ́ ni yóò máa gbà sí omi náà. Níbi tí irú wọn bá ti pé mẹ́ta mẹ́rin, ìjọ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní mo fẹ́ fi mọ́tò àti ọ̀nà rọ́pò Ẹ̀mí Mímọ́. Rárá o. Ọ̀nà wà ní ìlú mìíràn tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé àwọn èrò bá wòlíì ṣe é, n kò sọ pé wọ́n ṣe é láìsí i. Ẹni tó bá gbà pé Ọlọ́run ló pe Babalọlá kò ní ìdí láti sẹ́ pé Ọlọ́run kan náà ló mú ẹsẹ̀ àwọn èrò. Àwọn mìíràn á ní ìyà ọrọ̀ ajé ló lé wọn wá, nítorí owó kòkó wó lulẹ̀ lásìkò náà. Òótọ́ wà níbẹ̀, ẹni tí ebi ń pa tí kò rówó oògùn yóò tètè gbọ́ ìpè ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ebi kò ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi padà lọ kọ́ ilé àdúrà nígbà tí owó kòkó tún gòkè. Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti àwọn tó ní òkè wà fún àdúrà àdáṣe, pé Babalọlá fúnra rẹ̀ a máa dá wọ igbó àti orí òkè lọ fún ààwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà lóun nìkan, kò sí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́. Àmọ́ àdúrà àdáṣe sọ Babalọlá di wòlíì ni, kò sọ ibi kankan di ìjọ.

Bí bọ́ọ̀sì bá ti ń lọ sí Ìkéjì, kó yà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú. Ìpele méje ni omi Olúmirìn fi ń já wálẹ̀ láti orí òkè, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ń bọ ọ́ kí onígbàgbọ́ tó dé. Àwọn pásítọ̀ kan kò fẹ́ kí ọ̀dọ́ wọn gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí Ìjẹ̀ṣà kò bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé omi àti òkè lè jẹ́ ibi tí ènìyàn ń gbé ẹ̀bẹ̀ lọ, bóyá ni wọn ì bá tètè lóye ohun tí wòlíì ń ṣe ní Òkè-Oòyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹlòmíràn ni ó ń ké pè.

Láti Iléṣà ni ìsọjí ti lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ́dún 1930 kan náà, tí ọba ìlú náà sì gba ìgbàgbọ́. Ó di ẹ̀wọ̀n fún Babalọlá lọ́dún 1932, ó di Ìjọ Àpósítélì Kristi tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1943, I. B. Akínyẹlé tó wà lára aṣáájú wọn sì jọba Olúbàdàn lọ́dún 1955. Àwọn orúkọ wọ̀nyí kò ní sọnù. Ti àwọn tó gbé ìgò ni à ń pàdánù, nítorí àwọn ọmọ wọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ti di arúgbó. Kí ọdún 2030 tó dé, ó yẹ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìgbómìnà jókòó ti àwọn àgbà wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló kọ́kọ́ lọ sí Òkè-Oòyè láti abúlé yìí, ta ló bá a lọ, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà, ilé ta ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbàdúrà nígbà tí wọ́n padà dé.