Odò Saint Paul àti Àwọn Òtẹ́ẹ̀lì Tó Ń Retí Àlejò Òkèèrè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àrùn Kòrónà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń gbafẹ́ nínú ilẹ̀ wa. Nígbà tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ní ọdún 2020, àwọn tó máa ń ná owó ìsinmi wọn ní Dubai àti London kò rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀, wọ́n sì yíjú sí ohun tó wà nítòsí. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni ìjọba tó gbà kí mọ́tò máa ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn; ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé gbéra lọ́jọ́ 8 oṣù náà, ti òkèèrè sì di ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án. Fún nǹkan bí oṣù méjì, ọmọ onílẹ̀ nìkan ni àlejò tí ilé ìtura lè rí gbà, láti Ìkògòsì títí dé Bádágírì. Ní Líbéríà, òfin náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ààrẹ George Weah kéde ìgbà pàjáwìrì lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹrin: aago mẹ́ta ọ̀sán ni kálukú gbọ́dọ̀ ti wọlé, wọ́n sì fòfin de ìrìn-àjò láti káńtì kan sí òmíràn, káńtì yìí sì ni ìpínlẹ̀ tiwọn. Ọjọ́ 21 oṣù Keje ni ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ pé ìgbafẹ́ abẹ́lé ti di ọjà tuntun. Èmi kò gbà pé tuntun ni. Ẹni tó bá yẹ ìtàn Caldwell wò, ìlú kékeré tó wà létí odò Saint Paul lẹ́yìn Monrovia, yóò rí i pé àwọn ará Líbéríà ti ń rìnrìn-àjò nínú ilẹ̀ wọn tipẹ́tipẹ́ kí òtẹ́ẹ̀lì kankan tó dé. Àwọn tó wá kọ́ òtẹ́ẹ̀lì ni kò ka irú àlejò bẹ́ẹ̀ sí, àìkàsí yìí sì ti pa ilé ìtura púpọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ọdún 1825 ni wọ́n tẹ Caldwell dó. Jehudi Ashmun, aṣojú ẹgbẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń kó àwọn ènìyàn dúdú padà sí Áfíríkà, bá àwọn ọba àti olóyè etí odò náà ṣe àdéhùn nínú oṣù Karùn-ún ọdún yẹn. Tábà, ọtí líle, ẹ̀tù ìbọn, agboòrùn àti bàtà wà lára ohun tí wọ́n fi gba ilẹ̀ náà. Orúkọ akọ̀wé ẹgbẹ́ yẹn, Elias Caldwell, ni wọ́n fi sọ ìlú. Ohun tó jẹ́ kí ìlú náà ṣe pàtàkì ni ibi tó jókòó sí. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Monrovia láyé ìgbà náà kò ní títì tí yóò gbà. Yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Mesurado, yóò yà sí ẹsẹ̀ odò tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Stockton, tí igi ẹ̀gbà fún mọ́ lọ́tùn-ún lósì, àwọn awakọ̀ yóò sì máa wà á lọ títí omi yóò fi fẹ̀ lójijì, tí odò Saint Paul yóò là sílẹ̀ níwájú wọn. Ibẹ̀ ni Caldwell wà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gòkè odò lọ sí Clay-Ashland àti Millsburg. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì kankan lójú ọ̀nà yìí. Ilé ni àlejò ń sùn sí, nínú àwọn ilé olókè tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ níwájú, tí àwọn olóko ìrèké àti kọfí kọ́ sí bèbè odò. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Monrovia lè ní oko lókè odò, àlùfáà a máa ti ìjọ kan dé òmíràn, àwọn ẹbí a sì máa bẹ ara wọn wò. Alexander Crummell, àlùfáà àti onímọ̀ ńlá nì, fi Caldwell ṣe ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn kí ó tó padà sí Amẹ́ríkà ní 1872. Ní 1868 ni Benjamin Anderson, tó ti ṣe akápò ìjọba rí, jáde ní Monrovia tó sì gba Boporo lọ sí Musardu nínú ilẹ̀ Màńdíńgò. Ọdún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ó tó dé ibẹ̀. Ìwé tó kọ lórí ìrìn-àjò náà jáde ní New York ní 1870, àwọn ará New York ló sì fowó ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó yẹn sọ́kàn.

Ẹnìkan lè sọ pé ìgbafẹ́ àwọn ọlọ́lá nìyẹn, pé kò kan gbogbo ọmọ Líbéríà. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ̀nyẹn ni àwọn àtọ̀húnrìnwá láti Amẹ́ríkà àti ọmọ wọn. Ọmọ onílẹ̀ ló ń wa ọkọ̀, òun ló ń gé ìrèké, bẹ́ẹ̀ ọdún 1904, láyé Ààrẹ Arthur Barclay, ni wọ́n tó kà á sí ọmọ orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, ohun tí ìrìn-àjò àwọn ènìyàn ńlá túmọ̀ sí fún ọ̀pọ̀ abúlé ni pé kí wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jáde láti gbé òṣìṣẹ́ ìjọba nínú àga ìrọ̀gbọ̀kú lórí, kí wọ́n sì tún rán obìnrin láti dáná fún un. Graham Greene, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹsẹ̀ la igbó Líbéríà já ní 1935, kò dá ẹrù rẹ̀ rù, ọ̀wọ́ àwọn alááàrù ló tẹ̀ lé e. Nítorí náà, èmi kò sọ pé ká padà sí ayé àwọn olóko. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn alááàrù àti awakọ̀ wọ̀nyẹn náà ń rìn fún ti ara wọn. Wọ́n ń lọ sọ́jà, wọ́n ń lọ síbi òkú, wọ́n ń lọ kí àna, wọ́n sì ń sùn sọ́dọ̀ ará wọn láìsan kọ́bọ̀. Irú ìrìn yẹn ni kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò sí ẹni tó ń ta yàrá fún wọn. Nígbà tí iye owó kọfí àti ṣúgà já wálẹ̀ lópin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Brazil fi kọfí kún ọjà àgbáyé, ọ̀pọ̀ ilé ńlá etí odò di ahoro, àmọ́ ìrìn-àjò àwọn aráàlú kò dúró.

Òtẹ́ẹ̀lì wá dé, ẹ sì wo ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún. Ní 1960 ni Ducor Palace ṣí lórí òkè Snapper Hill, àjà mẹ́jọ, yàrá 106, tí ilé-iṣẹ́ Intercontinental ń bójú tó. Láti orí rẹ̀, àlejò lè rí òkun Àtìláńtíìkì níwájú àti àwọn páànù àdúgbò West Point nísàlẹ̀, tí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ kò lè sùn mọ́jú kan ní Ducor láyé. Ní 1979 ni wọ́n tún kọ́ Hotel Africa sí Virginia, ìyẹn òdìkejì odò sí Caldwell, kí àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà lè rí ibi dé sí fún ìpàdé àjọ OAU nínú oṣù Keje. Wọ́n gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà gan-an, wọ́n sì kọ́ ọ̀wọ́ ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwọn ààrẹ. Ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìpàdé yẹn, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹrin, ìjọba dáná ìbọn ya àwọn tó jáde sígboro Monrovia nítorí àbá láti gbé owó àpò ìrẹsì kan láti dọ́là 22 sí 26. Owó ń lọ sórí ilé àlejò nígbà tí onílé ń jà fún ìrẹsì. Ọdún kan kò tíì pé sí ìpàdé náà tí Samuel Doe fi gba ìjọba, wọ́n sì pa Ààrẹ Tolbert tó gba àwọn olórí náà lálejò. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ Guus Kouwenhoven ọmọ ilẹ̀ Netherlands ni Hotel Africa bọ́ sí, ọkùnrin tí ilé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ dá ẹ̀wọ̀n ọdún 19 fún ní 2017 nítorí ohun ìjà tó kó fún ìjọba Charles Taylor. Àpẹẹrẹ kẹta ni Kendeja. Láyé Ààrẹ Tubman ni wọ́n dá abúlé àṣà sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ijó àti orin ìbílẹ̀. Ní 2009, òtẹ́ẹ̀lì etí òkun tí olówó Amẹ́ríkà kan dá sílẹ̀ ló ṣí sórí ilẹ̀ yẹn.

Àwọn tó ń ṣàlàyé ìṣubú àwọn ilé wọ̀nyí máa ń sọ pé ogun abẹ́lé ni. Ogun ṣe tirẹ̀ lóòótọ́, Caldwell sì jẹ nínú rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ibẹ̀ ni Prince Johnson, olórí ọlọ̀tẹ̀ kan, fi ṣe ibùdó, ibẹ̀ ni wọ́n gbé Ààrẹ Doe lọ lẹ́yìn tí wọ́n mú un ní èbúté Freeport lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990, kò sì jáde láàyè. Ṣùgbọ́n Ducor ti tìlẹ̀kùn ní 1989, kí ìbọn ogun náà tó dún ní Monrovia. Àwọn oníṣòwò òkèèrè ti dín, ètò ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, kò sì sí ará ìlú tó lè gba ipò wọn nínú yàrá wọ̀nyẹn. Nígbà tí ogun tán, àwọn ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dé ní 2003, òtẹ́ẹ̀lì tuntun hù lórí dọ́là wọn. Ebola dé ní 2014, ó pa ènìyàn tó lé ní 4,800 ní Líbéríà. Ọkọ̀ òfurufú British Airways dáwọ́ wíwá dúró, Brussels Airlines àti Royal Air Maroc nìkan ló tẹ̀ síwájú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà palẹ̀ mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Kòrónà wọlé. Ducor fúnra rẹ̀ ti fẹ́ jí nígbà tí ìjọba Libya gbà láti tún un ṣe. Gaddafi ṣubú ní 2011, iṣẹ́ náà sì dúró. Nínú gbogbo èyí, nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀: ẹni tó wà lókè òkun ló ń ṣí ilẹ̀kùn, òun náà ló ń tì í. Owó New York tí Anderson fi rìn ní 1868 kò jìnnà sí owó Libya tí wọ́n ń retí lórí Snapper Hill.

Ìbéèrè tó lágbára jù ni ti owó. Tálákà ni ọ̀pọ̀ ará Líbéríà, ta ni yóò san owó yàrá? Bí ẹ bá ní yàrá tó ń gba dọ́là 150 lálẹ́ kan lẹ́ ń sọ, òtítọ́ ni, kò sí. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn kan náà ń ná owó lé. Lọ́jọ́ 26 oṣù Keje, ọjọ́ òmìnira, etí òkun Monrovia máa ń kún fọ́fọ́ fún ìdílé tó gbé kúlà àti ìkòkò ìrẹsì jollof wá. Láyé Ààrẹ Ellen Johnson Sirleaf, wọ́n máa ń gbé ayẹyẹ ọjọ́ náà láti káńtì dé káńtì, ọ̀pọ̀ èrò a sì tẹ̀ lé e. Àwọn ìjọ ń ṣe àpèjọ, ẹbí ń gbé òkú lọ sílé ní Lofa àti Nimba, gbogbo rẹ̀ sì ń gba mọ́tò, oúnjẹ àti ibi ìsùn. Owó wà níbẹ̀. Ó kéré lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan ni, ó sì ń wá lọ́dọọdún, yálà ọkọ̀ òfurufú bà tàbí kò bà. Àwọn mìíràn yóò tọ́ka sí ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ gidi ni: Monrovia wà lára àwọn olú-ìlú tí òjò ń pa jù láyé, àwọn káńtì ìhà gúúsù ìlà-oòrùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe é dé nígbà òjò. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí ìgbafẹ́ abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó súnmọ́. Caldwell kò gba ju kẹ̀kẹ́ Márúwá láti ọjà Duala ní Monrovia. Omi kan náà tí Crummell ń wò ṣì ń ṣàn níbẹ̀, Clay-Ashland kò sì jìnnà. Síbẹ̀, abẹ́ ilé-iṣẹ́ ìròyìn ni ìjọba fi ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí wọ́n sì ṣe ayẹyẹ igba ọdún tí àwọn àtọ̀húnrìnwá láti Amẹ́ríkà ti dé síbẹ̀ ní 2022, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n tún kọjú ìpè sí jù.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí pípe àwọn ìbátan wa láti Amẹ́ríkà. Kí wọ́n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ìtura rẹ̀ wà lẹ́yìn àrùn tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ yàrá sílẹ̀ fún tíṣà láti Gbarnga àti ìyálọ́jà láti Duala, ní iye tí wọ́n lè san, kí ó tó ronú kan ará Brussels. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé pẹ̀lú, nítorí ohun tí Ìkògòsì rí ní 2020 kò yàtọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣòwò ní Waterside àti Bushrod Island ní Monrovia, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń fi ọjà kékeré jèrè díẹ̀díẹ̀, ẹ wo bèbè odò Saint Paul dáadáa. Ilé àlejò oníyàrá mẹ́wàá kan, pẹ̀lú omi tó mọ́, iná, oúnjẹ gidi àti ọkọ̀ ojú omi kan tó ń gbé ènìyàn gòkè odò lọ́jọ́ Sátidé, tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ gba ìwé tó yẹ, kí ẹ sì gba ọmọ Caldwell síṣẹ́.